Gẹ̀lẹ̀dẹ́: Ijó tí Ọkùnrin ń Jó nítorí Àwọn Ìyá

Bí Orò bá ń ké ní Ìperu, tàbí ní ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, inú ilé ni obìnrin ń wà. Wọ́n a ti ìlẹ̀kùn, wọ́n a sé fèrèsé, ọjà a sì dá páropáro. Bákan náà ni ní Ìjẹ̀bú nígbà ọdún Agẹmọ: ojú obìnrin kò gbọdọ̀ tó o. Ẹni tí wọ́n bí sí irú ìlú bẹ́ẹ̀, tí ó sì dàgbà síbẹ̀, lè rò pé bí gbogbo awo ilẹ̀ Yorùbá ṣe rí nìyẹn, pé ohunkóhun tí a bá ti fi aṣọ bò lójú, ti ọkùnrin ni, obìnrin kò sì ní ohun tí yóò wá ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà, bí ènìyàn bá gba Abẹ́òkúta kọjá, tí ó kọrí sí ìwọ̀-oòrùn títí tí ó fi dé Ìmẹ̀kọ lẹ́bàá ààlà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, yóò bá òmíràn pàdé tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà pátápátá. Ọjà, tí í ṣe ibùjókòó àwọn obìnrin, ni wọ́n ti ń ṣe é. Obìnrin ni oyè rẹ̀ ga jù lọ nínú ẹgbẹ́ náà. Aṣọ obìnrin ni àwọn ọkùnrin tí ń jó máa ń wọ̀, nítorí obìnrin ni wọ́n sì ṣe ń jó. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni orúkọ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ojú tí ó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ọ̀rọ̀ ìyanga ni, àwọn onígẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra wọn ni wọ́n sì máa ń pa á jù, ṣùgbọ́n ayé ti bá wọn fọwọ́ sí i. Ní ọdún 2001, nígbà tí àjọ UNESCO kọ́kọ́ kéde àwọn àṣà àfẹnusọ tí ó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò, mọ́kàndínlógún péré ni wọ́n mú, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì wà lára wọn. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni wọ́n kọ ọ́ mọ́: Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ní 2008, ó bọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ àjọ náà tí ó wà títí di òní. Àwọn tí wọ́n ni í jù lọ ni àwọn ará Kétu, àwọn Yewa tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò tẹ́lẹ̀, àwọn Ọ̀họ̀rí, àwọn Ànàgó àti àwọn Àwórì. Ó sì dé Èkó pẹ̀lú.

Bí a bá bi wọ́n léèrè ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, èsì kì í dọ́gba.

Ìtàn kan sọ pé Yemọja ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Yemọja wá ọmọ títí, kò rí, ó sì tọ Ifá lọ. Ifá ní kí ó rúbọ, kí ó gbé ère igi lérí, kí ó wọ ṣaworo sẹ́sẹ̀, kí ó sì jó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì bí ọmọkùnrin kan tí ó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Ẹ̀fẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bí ọmọbìnrin kan tí ó sanra, tí ó sì mọ ijó jó gan-an, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn. Nígbà tí àwọn ọmọ méjèèjì dàgbà tí àwọn náà ń wá ọmọ, ohun tí ìyá wọn ṣe ni Ifá ní kí àwọn náà ṣe. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọdún náà fi ní apá méjì títí di òní: Ẹ̀fẹ̀ ní òru, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọ̀sán.

Ìtàn kejì wà nínú Odù Ọ̀sá Méjì. Ọ̀rúnmìlà fẹ́ lọ sí igbó àwọn ẹlẹ́yẹ, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í lọ kí ó padà bọ̀. Ifá kò sọ fún un pé kí ó mú idà tàbí oògùn dání. Ère, gèlè àti ṣaworo ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kí ó gbé wọ̀. Ó wọ̀ wọ́n, ó wọ igbó náà, ó sì jáde láyọ̀.

Ìtàn kẹta jẹ mọ́ ìjà ọba ní Kétu. Ìbejì méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọba ń du oyè bàbá wọn. Èyí tí wọ́n fẹ́ pa nínú wọn sá lọ sí Ìlóbì, ó sì ta ọgbọ́n kan níbẹ̀: ó fi ère àti ìkarahun ìgbín tí ń dún woroworo ní òru ṣe ohun tí ó dẹ́rù ba ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tí ó padà wálé jọba, ohun tí ó fi dẹ́rù bani di ohun ìdárayá. Àwọn ará Ìlóbì, tí ìlú wọn wà ní ilẹ̀ Yewa lónìí, kò gbà pé Kétu ni ó ni ín. Lójú tiwọn, ọ̀dọ̀ àwọn ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti tàn lọ sí ibòmíràn. Ìjà ta-ni-ó-ni-ín yìí kò tí ì parí, kò sì dájú pé yóò parí láéláé, nítorí ìlú tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ti ṣẹ̀ wá ní ọlá tí kò fẹ́ fi sílẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tí ó fi agbára ṣẹ́gun. Ẹni tí nǹkan nira fún ni ó gbé ère lérí, tí ó so ṣaworo mẹ́sẹ̀. Orúkọ ijó náà pàápàá tẹ̀ sí ọ̀nà yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal, tí ó kọ ìwé pàtàkì lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 1996, tú orúkọ náà sí mẹ́ta: gẹ̀, kí a kẹ́ ènìyàn, kí a gẹ̀ ẹ́, ẹ̀lẹ̀, ojú ara obìnrin, ibi tí gbogbo ènìyàn gbà wá sáyé, dẹ́, kí a fi sùúrù mú nǹkan rọ̀. Agbára tí a kò lè fi ipá mú ni a ń rọ̀, ijó ni a sì fi ń rọ̀ ọ́.

Ó dájú pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó lọ jìnnà, nítorí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ní àkókò náà gbé e sọdá òkun. Ní Freetown ní orílẹ̀-èdè Sàró, níbi tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti ń já àwọn ẹrú sílẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Àkú dá ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, obìnrin ni ó mú un dúró. Maria Júlia Figueiredo, tí orúkọ Yorùbá rẹ̀ ń jẹ́ Ọmọníkẹ̀ẹ́, jẹ́ olórí ilé òrìṣà Ilê Iyá Nassô ní ìlú Salvador, ó sì joyè Ìyálóde Erelú. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ń ṣe ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní àdúgbò Boa Viagem nígbà tirẹ̀. Nígbà tí ó kú, ọdún náà bá a lọ. Ère díẹ̀ ni ó kù.

Nílé níbí pẹ̀lú, ó kù díẹ̀ kí ó parẹ́. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dáhómì wó Kétu palẹ̀, wọ́n sì kó àwọn tí ogun kò pa lọ sí ìgbèkùn. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dáhómì ní ọdún 1892 sí 1894 ni àwọn tí ó kù tó padà wá tún ìlú kọ́. Nígbà náà, ìlà mìíràn ti gba àárín ilẹ̀ wọn kọjá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó sí Yúróòpù, wọ́n pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá kan náà wá di ará orílẹ̀-èdè méjì. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò mọ ààlà náà. Orin kan náà ni wọ́n ń kọ níhà méjèèjì, ìyá kan náà ni wọ́n sì ń júbà fún.

Ọ̀pọ̀ ìlú máa ń ṣe é lẹ́yìn ìkórè tàbí nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀. Bí ọ̀dá bá dá, bí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ ìlú, tàbí bí ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ó lórúkọ bá kú, wọ́n tún lè pè é jáde. Ìyáláṣẹ̀ ni olórí gbogbo wọn. Òun ni ó ń tọ́jú àṣẹ̀, ojúbọ Ìyá Ńlá, òun sì ni ẹnu rẹ̀ dé ibi tí ẹnu ẹlòmíràn kò dé. Babaláṣẹ̀ ni igbá kejì rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ọkùnrin ti ń jó, tí ó ń lu ìlù, tí ó ń gbẹ́ ère, ṣùgbọ́n tí kò lè jáde bí obìnrin kan kò bá fọwọ́ sí i: ìyẹn ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Alẹ́ ni ọdún ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú ọjà. Kí Ẹ̀fẹ̀ tó jáde, àwọn mìíràn ni yóò kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà fún un. Arábì Ajígbálẹ̀ yóò gbá ojú agbo. Agbéná yóò gbé iná wá. Ní àwọn ìlú kan, wọ́n a pa gbogbo àtùpà kí Ìyá fúnra rẹ̀ lè kọjá nínú aṣọ funfun tí ń wọ́ nílẹ̀. Ìrìn rẹ̀ a rọra, gbogbo ọjà a sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Tẹ̀tẹ̀dé, tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ó tètè dé, yóò wá kọrin pe Ẹ̀fẹ̀. Nígbà tí Ẹ̀fẹ̀ bá jáde, ìbà ni yóò kọ́kọ́ jú: ìbà àwọn òrìṣà, ìbà àwọn àgbà tí ó ti lọ, ìbà àwọn ìyá. Kò sí akọrin Ẹ̀fẹ̀ tí orí rẹ̀ pé tí yóò la ẹnu sọ ohun mìíràn kí ó tó tọrọ ààbò lọ́wọ́ àwọn ìyá, nítorí ohun tí ó fẹ́ sọ lẹ́yìn ìyẹn le.

Ẹnu rẹ̀ ni ilẹ̀ yóò ti mọ́. Yóò gbàdúrà fún ìlú, yóò fi àwọn tí ó ṣe rere hàn, lẹ́yìn náà yóò wá yí sí àwọn tí ó ṣe búburú. Olóyè tí ó ta ilẹ̀ ẹlòmíràn, ọkùnrin tí ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìyà, olè, òfófó, olóṣèlú tí ó ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ, gbogbo wọn ni yóò gbọ́ tiwọn. Àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó síwájú a rẹ́rìn-ín, wọ́n a sì gbe orin náà. Ẹni tí wọ́n ń bú kò gbọdọ̀ bínú, kò gbọdọ̀ gbẹ̀san, bó ti wù kí ó jẹ́ ọba. Kí ìwé ìròyìn tó dé ilẹ̀ Yorùbá rárá ni àwọn ará Kétu àti Yewa ti ní ibi tí a ti lè sọ òtítọ́ sí ìjọba lójú láìsí pé ọlọ́pàá ń kanlẹ̀kùn lóru. Àwọn ìyá ni wọ́n dúró fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ijó. Àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ ń jáde, pẹ̀lú ère kéékèèké tí kò jọ ara wọn, ẹsẹ̀ wọn a máa ṣi ìlù, àwọn èrò a sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bí oòrùn bá ṣe ń rọlẹ̀ ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jó ń dé. Méjì méjì ni wọ́n sábà máa ń jáde, bí ìbejì, tí aṣọ wọn dọ́gba, tí ẹsẹ̀ wọn sì dọ́gba.

Ìlù ni olùkọ́. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, àwọn omele sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ohun tí ìlù ń sọ ń jẹ́ ẹ̀kà, gbólóhùn ọ̀rọ̀ ni, ó lè jẹ́ òwe tàbí oríkì, kì í ṣe ariwo lásán. Ẹsẹ̀ oníjó gbọdọ̀ sọ gbólóhùn náà bí ìlù ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ṣaworo onírin tí ó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa fi hàn bí ó bá kọsẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà jù lọ ni òpin gbólóhùn: bí ìlù bá ti dákẹ́, ẹsẹ̀ gbọdọ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Oníjó tí ó bá fi ẹyọ ìró kan lé e ti bà á jẹ́, gbogbo ọjà ni yóò sì mọ̀, nítorí àwọn tí ń wòran gbọ́ èdè ìlù náà. Ẹni tí kò gbọ́ ọ yóò rí ijó tí ó dára. Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò rí ọkùnrin kan tí ń fi ẹsẹ̀ sọ òwe.

Aṣọ tí ó wọ̀ tún jẹ́ ìtàn fúnra rẹ̀. Igi ni wọ́n fi ń ṣe ọmú fún oníjó, wọ́n a sì ṣe ìdí ńlá fún un, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé ìyá ni. Gèlè, ìró àti ọ̀já tí ó lọ́ mọ́ra kò sí nínú àpótí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti àwọn obìnrin ilé ni ó ti yá wọn. Ọ̀já náà gan-an ni wọ́n fi ń pọn ọmọ. Iye ọ̀já tí oníjó bá wọ̀ fi iye obìnrin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn. Kò sì pa ara rẹ̀ mọ́ bí ará ọ̀run: ìbòjú rẹ̀ fẹ́lẹ́, àwọn èrò ọjà mọ ẹni tí ń jó, wọ́n a sì máa pe orúkọ rẹ̀. Ní ibi yìí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti yàtọ̀ gedegbe sí Egúngún.

Ère tí ó wà lórí rẹ̀ ní ojú tútù, ojú ẹni tí ó ní sùúrù. Lókè ojú náà ni agbẹ́gilére ti ń ṣe bí ó ti wù ú. Ejò àti ẹyẹ a máa jà níbẹ̀, akíka a máa ká jọ, ìyá a máa pọn ọmọ, àlùfáà Mùsùlùmí a wé láwàní. Nígbà tí alùpùpù, ọkọ̀ òfurufú àti ẹ̀rọ ìránṣọ dé, àwọn náà gun orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní 1950, William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, lọ sí Ìmẹ̀kọ, ó sì kọ̀wé lórí iṣẹ́ agbẹ́gilére kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ Dúgà. Ní ìhà Kétu, orúkọ Fágbìté Asàmú ti Ìdàhìn àti ti ọmọ rẹ̀ Fálọlá Ẹdún kò ṣeé gbàgbé fún ẹni tí ó mọ ère.

Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwọn tí ó kọ̀wé lórí ijó yìí, kò sì yẹ kí a fò ó. Àwọn kan ní ìbẹ̀rù ni ó bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́: àwọn ọkùnrin ń bẹ̀rù àjẹ́, wọ́n sì ń fi ijó tù wọ́n lójú. Henry àti Margaret Drewal, tí ìwé wọn jáde ní 1983, fi agbára obìnrin, èyí tí ó lè là tí ó sì lè pa, sí àárín ọ̀rọ̀ náà. Lawal ní ọ̀rọ̀ àjẹ́ nìkan kò tó o. Lójú rẹ̀, Ìyá Ńlá ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń bọlá fún, kí gbogbo ọmọ rẹ̀ lè máa gbé pọ̀ ní àlàáfíà bí ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìbà Ẹ̀fẹ̀ yóò rí i pé méjèèjì wà níbẹ̀. Yorùbá kò ya ìbẹ̀rù ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára ìfẹ́ ìyá. A sì lè béèrè pé, bí obìnrin bá ní agbára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ọkùnrin ni ó ń jó, tí ọkùnrin sì ń sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Èsì àwọn onígẹ̀lẹ̀dẹ́ ni pé ẹni tí ń tọrọ ni ó ń jó. Ẹni tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ a jókòó, a máa wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ní òde òní, arúgbó obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú, tàbí tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, lè gbọ́ kí wọ́n pè é ní àjẹ́ láti orí pẹpẹ, kí wọ́n lé e kúrò nílé, kí wọ́n sì nà án. Sinimá wa ń fi kún un: bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹni ibi hàn, ìyá àgbà ni wọ́n sábà máa ń mú. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, ní abala 210, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ènìyàn ní àjẹ́, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó ń rántí òfin náà? Àwọn tí ó dá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ gbà pé àwọn obìnrin kan ní agbára àràmàǹdà, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà á lónìí. Ohun tí wọ́n fi ìgbàgbọ́ náà ṣe ni ó yàtọ̀. Wọ́n pe àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ìyá wa, wọ́n gbé àga fún wọn níwájú, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọkùnrin wọn láti kékeré bí a ti ń jó fún wọn.

Ìmẹ̀kọ fúnra rẹ̀ ti yí padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí ó mọ orúkọ ìlú náà lónìí mọ̀ ọ́n nítorí Ìjọ Sẹ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Samuel Bilehou Oshoffa, olùdásílẹ̀ ìjọ náà, sí ní 1985, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ìjọ ń wọ́ lọ ní ọdọọdún fún Kérésìmesì. Aṣọ funfun tún gba ìlú tí Ìyá ti ń fi aṣọ funfun kọjá lóru. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí Èkó àti Kùtọnu wá iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kà kì í ṣe ohun tí a ń fi ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan kọ́. Ìwé UNESCO dára, ó mú owó àti àlejò wá, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọmọ kankan ní ìlù.

Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n wà ní Paris, wọ́n sì wà káàkiri Amẹ́ríkà. Orí igi nìkan ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀, lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́, láìsí aṣọ. Àwọn tí ó kó wọn lọ kò rí aṣọ náà kó, nítorí kì í bá ère gbé. Bí ijó bá ti parí ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n a tú gèlè, wọ́n a tú ìró àti ọ̀já, wọ́n a sì dá a padà fún obìnrin tí ó ni ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀já náà ti wà lẹ́yìn ìyá kan tí ń lọ sí ọjà, ọmọ sì wà nínú rẹ̀.